Kí ooru má baà sun yín lẹ́sẹ̀: bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gba inú fairing alùpùpù ìrìn-àjò kọjá

Ẹni tó bá ti gun alùpùpù ńlá láti Ọjọ́dú-Bẹ́jà dé Mowé lọ́sàn-án gangan, nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá mú ọ̀nà márosẹ̀, mọ ooru tí mò ń sọ. Kì í ṣe ooru oòrùn. Abẹ́ táńkì ló ti ń jáde, á gba itan inú, á sun orúnkún, á sì bá ẹsẹ̀ nínú bàtà. Kí ẹ tó dé Ṣágámù, ẹ ó ti máa la ẹsẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tí ìjàlọ wọ ṣòkòtò rẹ̀.

Yamaha FJR1300 ti ọdún 2006 ni mò ń gùn, tòkunbọ̀ ni mo rà á. Òun ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ni mo ti tú palẹ̀ tí mo sì ti tò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi mọ ibi tí síkúrù kọ̀ọ̀kan ń gbé. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ wúlò fún alùpùpù ìrìn-àjò yòówù tí rédíétọ̀ rẹ̀ (ohun tó ń mú omi ẹ́ńjìnnì tutù) wà níwájú, tí ike sì bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ike yẹn ni gbogbo wa ń pè ní fairing.

Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ ṣe nígbà tí ooru bá sú wọn ni pé wọ́n á gbé dírílì, wọ́n á lu ihò síwájú fairing kí afẹ́fẹ́ lè ráyè wọlé. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí i, torí fairing yẹn kì í ṣe ohun tó rọrùn láti rí rà níbí, ooru kì í sì í dín. Ẹ wo yàrá tó ní fèrèsé kan ṣoṣo. Ẹ ṣí fèrèsé yẹn gbayawu, atẹ́gùn kò ní wọlé. Àmọ́ tí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ẹ ó rí i tí kọ́tìnì á bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Lára alùpùpù náà, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Ẹnu ibi tó ń gbà wọlé ti fẹ̀ tó láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é.

Ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń tọ̀

Abẹ́ iná iwájú, láàárín fọ́ọ̀kì méjèèjì (ọ̀pá méjì tó di táyà iwájú mú), ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Á kọlu rédíétọ̀ lẹ́yìn táyà iwájú, á gba àárín rẹ̀ kọjá, á sì gbóná. Lẹ́yìn rédíétọ̀, ẹ́ńjìnnì ló máa bá pàdé, tó dí i lọ́nà bí ògiri. Nítorí náà, ó gbọ́dọ̀ yà sọ́tùn-ún àti sósì, kó bá ihò ẹ̀gbẹ́ fairing jáde. Bí ihò yẹn kò bá gbà á tán, kò ní dúró síbẹ̀. Á wá àlàfo tó wà láàárín táńkì àti ike inú, á gba ẹ̀gbẹ́ orúnkún yín, á gba abẹ́ ọwọ́ alùpùpù gòkè. Ooru tó ń sun yín nìyẹn: afẹ́fẹ́ tó pàdánù ọ̀nà rẹ̀ ni.

Kí ló ń tì í? Eré tí ẹ̀ ń sá ni. Ní 100 kìlómítà ní wákàtí kan, afẹ́fẹ́ ń ti iwájú alùpùpù pẹ̀lú agbára tó tó nǹkan bí 450 pascal. Kí ẹ lè fojú rí i, ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ tẹ ọ̀pá rọ́bà tó mọ́ gaara bíi lẹ́tà U, tí ẹ bu omi sí i, tí ẹ sì kọ ẹnu rẹ̀ kan sí afẹ́fẹ́ yẹn. Omi ẹ̀gbẹ́ kejì yóò fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4.5 ga ju tàkọ́kọ́ lọ. Bí ẹ bá dín eré kù sí 50, kì í ṣe ìdajì ni yóò kù, ìdá kan nínú mẹ́rin ni: sẹ̀ǹtímítà kan ó lé díẹ̀. Ní 25, mìlímítà 3 péré. Ẹ rántí mìlímítà 3 yẹn nígbà tí a bá dé ọ̀rọ̀ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Agbára yẹn pọ̀ jù níwájú. Ó kéré jù ní ẹ̀gbẹ́ tí atẹ́gùn ti ń sáré kọjá, àti lẹ́yìn gíláàsì iwájú. Afẹ́fẹ́ a máa kúrò níbi tí agbára pọ̀ lọ síbi tó kéré. Gbogbo iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe kò kọjá ká jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ fairing fà á ju bí ẹ̀yìn gíláàsì ṣe ń fà á lọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ fọ rédíétọ̀, kí ẹ sì yẹ fáànù wò

Ẹ jẹ́ kí alùpùpù tutù pátápátá, ó kéré tán wákàtí méjì. Ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó bá gbóná láéláé. Omi inú rẹ̀ lè gbóná ju 100°C lọ láì hó, nítorí pé ìdérí yẹn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ní ìṣẹ́jú tí ẹ bá ṣí i ni yóò hó lẹ́ẹ̀kan náà, tí yóò sì dà sí yín lójú.

Ẹ tú fairing ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ kó síkúrù wọn sínú ike ẹyin, kí ẹ kọ nọ́ńbà sí i, nítorí wọn kò gùn bákan náà. Èyí tó gùn jù lè lu ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ rédíétọ̀, ẹ ó rí àwọn páánù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà láàárín àwọn ọ̀pá omi rẹ̀. Àsìkò ọyẹ́ ló máa ń bà wọ́n jẹ́ jù: eruku pupa á kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, kòkòrò á lẹ̀ mọ́ ọn, òjò àkọ́rọ̀ á wá pò ó pọ̀ di amọ̀. Ti tèmi nígbà tí mo kọ́kọ́ tú u, mo gbé tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn rẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ nísàlẹ̀ kò jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kankan kọjá.

Láti ẹ̀yìn ni kí ẹ ti fọ̀ ọ́ wá síwájú, kí ìdọ̀tí lè bá ọ̀nà tó gbà wọlé jáde. Omi ẹ̀rọ lásán àti ọṣẹ fífọ abọ́ tó. Ẹ má gbé e fún àwọn tó ń fi ẹ̀rọ tó ń tu omi líle fọ mọ́tò. Omi yẹn á tẹ páánù wọ̀nyẹn pẹlẹbẹ lójú ẹsẹ̀. Èyí tó bá ti tẹ̀, ẹ fi igi ìtayín nà án díẹ̀díẹ̀. Ó máa gbà yín lásìkò. Ẹ fún un ní àsìkò náà.

Fáànù wá kàn. Ẹ̀yìn rédíétọ̀ ló wà, fífà ló yẹ kó máa fa afẹ́fẹ́ láti iwájú wá sẹ́yìn. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ dúró títí fáànù á fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí, kí ẹ wá mú bébà ìnuwọ́ fẹ́lẹ́ kan súnmọ́ iwájú rédíétọ̀. Ó gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Fáànù méjì ló wà lára tèmi. Nígbà tí mo yẹ̀ wọ́n wò, bébà lẹ̀ dáadáa ní apá ọ̀tún. Ní apá òsì, bébà náà fò padà sí mi lójú. Rìwáyà kan tó ti tọwọ́ bọ̀ ọ́ kí n tó rà á ló fi wáyà méjì fáànù náà sí ipò ara wọn. Mọ́tò kékeré bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá pààrọ̀ wáyà rẹ̀, á máa yí sẹ́yìn. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi gùn ún tí fáànù kan ń fà, tí èkejì ń tì, tí mo sì ń bú àwọn tó ṣe alùpùpù. Wáyà méjì péré ni.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ dí ojú àlàfo

Èyí kò náni lówó púpọ̀, síbẹ̀ àǹfààní rẹ̀ pọ̀ ju ti ohun tó kù lọ lójú tèmi. Afẹ́fẹ́ tó wọlé láti iwájú kì í fẹ́ gba inú rédíétọ̀ kọjá, nítorí ó há. Bí ó bá rí àlàfo kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí lókè rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò gbà. Rédíétọ̀ á máa gbóná, fáànù á máa yí, afẹ́fẹ́ tútù á sì kọjá láì ṣiṣẹ́ kankan.

Ẹ dúró dalẹ́. Ẹ da fairing padà sórí alùpùpù, kí ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn rédíétọ̀, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ wò ó láti iwájú. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba àárín rédíétọ̀ wá kò burú. Èyí tó bá tàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀ ń wá. Ẹ fi téèpù bébà tí àwọn péńtà mọ́tò ń lò sàmì síbẹ̀.

Fún dídí rẹ̀, ẹ lọ bá àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ amúlétutù, kí ẹ ní kí wọ́n fún yín ní rọ́bà dúdú rírọ̀ tí wọ́n fi ń wé ọ̀pá. Kì í mu omi, ó sì lè gba ooru ẹ̀gbẹ́ rédíétọ̀. Mo ti kọ́kọ́ lo fóòmù sílípáàsì. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ó ti rọ̀, ó sì já bọ́. Ẹ gé rọ́bà náà kó fi díẹ̀ nípọn ju àlàfo lọ, kó lè fún mọ́ra nígbà tí ẹ bá dé fairing padà. Àmọ́ ẹ má dí ẹ̀yìn rédíétọ̀ o, àlàfo ẹ̀gbẹ́ àti òkè níwájú nìkan.

Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín táńkì àti ike inú náà, níbi tí orúnkún ń gbé. Òun náà, ẹ fi rọ́bà yẹn dí i. Lọ́jọ́ tí mo ṣe é tán, mo gun alùpùpù náà dé Ìwó Road, mo padà sílé, mo sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ike ibẹ̀. Tẹ́lẹ̀, mi ò lè ka ẹení dé eéjì kí n tó yọwọ́. Lọ́jọ́ yẹn, mo gbé e síbẹ̀ títí tó fi sú mi.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fi òwú wo atẹ́gùn

Afẹ́fẹ́ kò ṣeé rí, ṣùgbọ́n òwú ṣeé rí. Ẹ ra òwú ìhunṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti fairing yín. Pupa dára lórí dúdú. Ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà 6 sí 8, bí ogójì. Ẹ fi téèpù lẹ orí ọ̀kọ̀ọ̀kan yí ihò ẹ̀gbẹ́ ká, lórí ike tó wà níwájú ihò náà, lẹ́yìn rẹ̀, àti lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún. Ẹ lẹ díẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn gíláàsì iwájú.

Ẹ wá wá ọ̀nà tó ṣófo láàárọ̀ kùtù. Ọ̀rẹ́ yín kan á wa mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹni tó jókòó lẹ́yìn nínú mọ́tò ni yóò fi fóònù ya fídíò, kì í ṣe ẹni tó ń wa ọkọ̀. Ẹ sá 60, ẹ sá 80, bí ọ̀nà bá gbà bẹ́ẹ̀ ẹ sá 100. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ wo fídíò náà díẹ̀díẹ̀. Òwú tó bá nà gbọnrangandan sẹ́yìn ń sọ pé afẹ́fẹ́ ń kọjá jẹ́ẹ́jẹ́. Èyí tó ń jó tí kò sì mọ ibi tó ń lọ wà níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń dàrú. Ti ihò ẹ̀gbẹ́ gan-an ni kí ẹ fara balẹ̀ wò: ó yẹ kí òwú etí rẹ̀ máa nà jáde, bí ẹni pé nǹkan ń fẹ́ ẹ láti inú. Bí ó bá ń wọnú ihò lọ, afẹ́fẹ́ òde ló ń wọlé níbi tó yẹ kí ti inú máa jáde, ihò yẹn kò sì ràn yín lọ́wọ́ rárá. Lára tèmi, ìdajì iwájú ihò òsì ń fẹ́ síta, ìdajì ẹ̀yìn ń fà wọlé. Ọdún kan gbáko ni mo fi rò pé ihò náà ń ṣiṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ran ihò ẹ̀gbẹ́ lọ́wọ́

Bí tiyín bá jẹ́ FJR1300 ti 2006 tàbí lẹ́yìn rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lo ohun tí wọ́n ti ṣe síbẹ̀. Àwọn tó gun ti ìṣáájú ráhùn lórí ooru gan-an, Yamaha sì tún ẹ̀gbẹ́ fairing ṣe lọ́dún yẹn: ike ẹ̀gbẹ́ náà ṣeé fà jáde díẹ̀ kó lè darí afẹ́fẹ́ kúrò lára ẹni tó ń gùn ún. Púpọ̀ nínú àwọn tó ra tòkunbọ̀ kò mọ̀ pé ó wà, nítorí ìwé ìlò rẹ̀ kì í bá a wá.

Bí kò bá sí lára tiyín, tàbí tí kò tó, ẹ kọ́ ètè fún ihò náà. Ètè yìí jẹ́ ike pẹlẹbẹ tó dìde ní etí iwájú ihò, tó ga tó mìlímítà 15 sí 20, tó sì fì sẹ́yìn díẹ̀. Atẹ́gùn tó ń sáré kọjá á gun ètè náà, á fò kọjá lórí ihò, agbára ẹ̀yìn ètè á sì dín kù. Afẹ́fẹ́ gbígbóná inú fairing á wá rí ibi tó ń fà á. Bí ẹ bá kọ́ ètè náà sí etí ẹ̀yìn ihò dípò iwájú, òdìkejì ló máa ṣẹlẹ̀: á máa gbá atẹ́gùn òde wọlé. Èyí ṣe pàtàkì, mo sì ti rí ọ̀pọ̀ tó ṣe é lódì.

Ẹ má ra nǹkan kan síbẹ̀. Ẹ gé ara kẹ́ẹ̀gì òróró, èyí tó nípọn díẹ̀, kí ẹ fi téèpù tó lágbára lẹ̀ ẹ́ mọ́ fairing, kí ẹ sì tún ya fídíò òwú, ní 60 àti 80 péré. Ẹ gé e kúrú, ẹ fà á gùn, ẹ yí i díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gé ti òsì kí gbogbo òwú etí ihò tó nà síta. Nígbà tó dára tán ni mo tó fi gé ojúlówó láti ara ike dúdú nípọn, mo sì lo àwọn síkúrù tó ti wà lára fairing fún un. Mi ò lu ihò tuntun kankan.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀tún àti òsì dọ́gba, kí ẹ má sì ṣe é tóbi. Ike ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù á máa gba atẹ́gùn tírélà tó bá ré yín kọjá, ọwọ́ alùpùpù á sì máa mì.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ̀yìn gíláàsì iwájú

FJR ní gíláàsì tó ń fi iná mànàmáná gòkè sọ̀kalẹ̀. Bí ẹ bá gbé e sókè tán, ẹ ó gbádùn ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ó ṣàkíyèsí pé nǹkan ń ti ẹ̀yìn yín síwájú, pé ooru sì ń gòkè láti ọ̀dọ̀ táńkì. Ibi tí agbára afẹ́fẹ́ ti kéré ni ẹ̀yìn gíláàsì. Bó bá ṣe ga tó náà ni ibẹ̀ ṣe máa ń fa ooru gòkè tó, tó sì ń já ìdíje gbà lọ́wọ́ ihò ẹ̀gbẹ́.

Oògùn rẹ̀ ni pé kí ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ díẹ̀ gba abẹ́ gíláàsì wọlé. Harley-Davidson ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2014 nígbà tí wọ́n la ihò tó ṣeé ṣí tó sì ṣeé tì sí fairing iwájú àwọn alùpùpù ìrìn-àjò wọn. Ohun tí wọ́n ń lé nígbà náà ni gbígbọ̀n tí orí ẹni tó ń gùn ún máa ń gbọ̀n. Tiwa rọrùn jù bẹ́ẹ̀: ẹ tú síkúrù gíláàsì, kí ẹ fi wáṣà rọ́bà tó nípọn tó mìlímítà 5 sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá fi síkúrù tó gùn tó bẹ́ẹ̀ dè é padà. Ẹ má fún un jù, gíláàsì ike náà máa ń là. Bí 5 kò bá tó, ẹ gbìyànjú 8. Bí òjò bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í ta sí yín láyà, ó ti pọ̀ jù.

Lọ́sàn-án, nígbà tí kò bá sí òjò, ẹ sọ gíláàsì náà kalẹ̀. Ó dà bí ohun tó kéré, ṣùgbọ́n òun ni mo kọ́kọ́ máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí léèrè.

Nígbà tí ọkọ̀ kò bá lọ

Ẹ rántí mìlímítà 3 yẹn. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Kárà, kò sí ihò tàbí ètè tó lè ràn yín lọ́wọ́. Fáànù nìkan ló kù. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ ṣe ti fáànù ṣáájú nìyẹn. Àwọn kan máa ń fi súwíìṣì sí i kí wọ́n lè tan fáànù kó tó gbóná. Ó ṣiṣẹ́, bí rìwáyà yín bá lo rílé (súwíìṣì tí iná kékeré fi ń tan iná ńlá) àti fíùsì tirẹ̀. Bí ó bá kàn so wáyà mọ́ súwíìṣì lásán láti bátìrì, ẹ sọ fún un kó tú u.

Ẹ tún lè fi bébà aláwọ̀ fàdákà tó ń dá ooru padà lẹ abẹ́ táńkì àti inú ike orúnkún. Ẹ rí i pé kò kan ọ̀pá sàláńsà. Kò ní mú afẹ́fẹ́ lọ dáadáa sí i, ṣùgbọ́n yóò mú kí epo inú táńkì má gbóná jù.

Bí ẹ bá fẹ́ wọn ooru, ìbọn tí wọ́n ń nà sí wa níwájú orí nígbà kòrónà kò lè ṣe é, torí pé ibi ooru ara ènìyàn ló ń kà dé. Èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń lò ni kí ẹ wá. Kí ẹ sì lẹ téèpù dúdú mọ́ irin tó ń dán kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, torí ara tó ń dán máa ń mú kó ka nọ́ńbà tó kéré ju bó ṣe rí lọ.

Lẹ́yìn iṣẹ́

Ẹ má kan ibi tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ti ń mí afẹ́fẹ́ sínú, kí ẹ má sì fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn dí ojú rédíétọ̀ torí kòkòrò. Ojú rẹ̀ ti há jù. Bí ẹ bá fẹ́ nẹ́ẹ̀tì, ẹ wá ti wáyà tí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 6, kí ẹ máa gbọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ìrìn àkọ́kọ́, ẹ má jẹ́ kó jìn. Ìbàdàn sí Ṣágámù tó. Ẹ sá eré tí ẹ mọ̀, ẹ wo bóyá ọwọ́ alùpùpù mì, kí ẹ dúró níbẹ̀, kí ẹ fọwọ́ kan gbogbo síkúrù tí ẹ tú àti ètè méjèèjì kó tó di pé ẹ padà. Lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́, ẹ tú ike ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, kí ẹ wo bóyá omi dúró níbì kan àti bóyá rọ́bà dúdú wà níbi tí ẹ fi í sí. Ti tèmi já bọ́ ní apá òsì nísàlẹ̀, níbi tí mi ò ti nu òróró kúrò dáadáa kí n tó lẹ̀ ẹ́. Mo fi kẹrosíìnì nù ún, mo jẹ́ kó gbẹ, mo tún un lẹ̀, kò sì tíì kúrò níbẹ̀ títí di òní.